Orí Kẹfà: Ìyàwó Tí Gbogbo Ìlú Kórìíra

Ilẹ̀kùn wo Màmá Ìbídùn láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún un wò, kò ṣí.

"Ta nìyẹn?" ni ilẹ̀kùn bi í.

"Bàbá ẹ nìyẹn," ni màmá fèsì. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa wá síbí lọ́sẹ̀ yìí. Ṣí, jàre!"

Fadérera gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá iṣẹ́. Ó fi ohun tó ń kọ sílẹ̀, ó sáré wá fọwọ́ fa ilẹ̀kùn láti inú, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe wèrè."

"Kò ṣe wèrè kankan. Ojú mi ni kò fẹ́ mọ̀ mọ́." Màmá wọlé, ó jókòó láìdúró de ẹni tó máa fi àga lọ̀ ọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. "Ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà mi rò ó títí láàárọ̀ yìí kó tó tú omi fún mi. Nínú ọkọ̀ orí okùn, obìnrin kan wò mí báyìí, ó pòṣé, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí ọmọ má jókòó ti ẹni tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ta nínú òjò. Èmi! Èmi tí n kì í ti adìyẹ mọ́ta!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Fadérera, ó sì gbé e mì, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà pupa kan ti ń tàn yòò: méjìléláàádọ́rin. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń wo ìtàn Ilé Onírèké ní Òkè Méje, méjìléláàádọ́rin ló kórìíra Mopélọ́lá, ìyàwó ilé náà. Kì í ṣe pé wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ o. Ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ oníkálukú ló ń ka ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ti ń wòran, ẹnu sì lè purọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ẹni inú ìtàn tí ìkórìíra rẹ̀ bá kọjá àádọ́rin fún oṣù mẹ́ta gbáko, òfin ní kí wọ́n pa á rẹ́. Láti ọdún tí àwọn ará Òkè Kejì àti Òkè Karùn-ún ti fi igi fọ́ ara wọn lórí nítorí ọkùnrin kan tí kò sí láyé, tó jẹ́ pé inú ìtàn ló ti ń ṣe ìkà rẹ̀, ni àwọn àgbà ìlú ti fi òfin náà lélẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń da ìlú rú láti inú ìtàn, kí ìtàn gbé e jù nù.

Ì bá dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Amojú, ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń tú omi, tó ń gba èrò sínú ọkọ̀, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni inú ìtàn àti ẹni tó yá ìtàn lójú. Màmá Ìbídùn ló yá Mopélọ́lá lójú nígbà èwe rẹ̀. Ogbó ti dé bá ojú náà báyìí, ṣùgbọ́n Amojú kì í wo ìhunjọ, egungun ló ń wò. Bí wọ́n bá pa Mopélọ́lá rẹ́, kò sí ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún màmá yìí mọ́ lórí òkè méjèèje, títí kan ti yàrá tó ń sùn. Yóò di ará ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, tí àgbàrá sì ń bá wọn pín ibùsùn nígbà òjò.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n dájọ́," ni màmá wí. "Atúnkọ, ṣé o ti rí nǹkan kọ?"

"Mo ti rí ọ̀nà kan, mà. Mi ò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Fadérera fọwọ́ kan Atọ́nà, ẹ̀rọ dúdú kékeré orí tábìlì tí ìjọba fún gbogbo atúnkọ tó ń kọ àfikún orí láti gba ẹni inú ìtàn lọ́wọ́ ìparẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn létí, bíi ti ẹni tó fẹ́ ta ọjà tó ti ń bàjẹ́. "Mopélọ́lá kúnlẹ̀ fún Tinúadé, àbúrò ọkọ rẹ̀," ni Atọ́nà wí. "Ó sunkún. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní àìrọ́mọbí ló sọ òun di oníkanra. Ìkórìíra á wálẹ̀ sí méjìdínlọ́gọ́ta. Ó dá mi lójú."

"Ó mà dára o!" ni màmá wí. "Ṣebí ọgọ́ta ni òfin ní kó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kó tó bọ́? Kí ni kò wá tẹ́ ọ lọ́rùn níbẹ̀?"

Fadérera jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni inú ìtàn méjì ló ti fi ẹkún yọ láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ń na ọmọ nínàkúnà, èkejì jẹ́ obìnrin kan tó dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mú àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, ó mú wọn sunkún títí imú wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìlú sì dárí jì wọ́n. Kò pé ọdún kan tí ìkórìíra tún gòkè, torí kò sí ohun tó yí padà nínú wọn ju pé ojú wọn rin. Wọ́n pa wọ́n rẹ́, nítorí òfin kì í gba àfikún orí fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kejì.

"Àánú kì í pẹ́ tán, mà," ni Fadérera wí. "Ẹni tí wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á tún padà sẹ́nu ìkórìíra wọn."

"Ta ló yá ọ̀gá ilé-ìwé yẹn lójú?"

"Bàbá Ọláìtán. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà báyìí. Mo máa ń sọ oúnjẹ kalẹ̀ sí wọn nínú agbọ̀n lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo fà á. Mo kọ ọ́ lọ́nà tó yá, n kò kọ ọ́ dáadáa."

Màmá Ìbídùn kò sọ pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Fi ibi tó burú jù lọ hàn mí."

Ibi tó burú jù kò pamọ́. Orí kejìdínláàádọ́rùn-ún ni, tí àwọn ọmọdé pàápàá lè sọ láìwò. Fadérera tan án sáàárín yàrá. Òjò ń rọ̀ níwájú wọn, Tinúadé ọmọ ọdún mọ́kànlá ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò ìwé lórí. Nínú ilé, Mopélọ́lá, tòun ti ojú Ìbídùn ìgbà èwe, di ìdábùú ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láti yàrá ẹ̀yìn ni ariwo àwọn àgbà ilé ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. "Tinúadé," ni Mopélọ́lá wí, "padà síbi tí o ti ń bọ̀!" Kò sì ṣílẹ̀kùn títí orí náà fi parí.

Màmá pòṣé. "Wò ó, ọmọ mi, kì í tilẹ̀ ṣe òjò ló ń bí mi nínú jù. Orúkọ yẹn ni. Tinúadé! Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ báyìí, bí ẹni pe ewúrẹ́! Mo sọ ọ́ fáwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lọ́jọ́ tí mo yá wọn lójú. Àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ kọ́ ní Yorùbá ni wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn."

"Ó sì pè é bẹ́ẹ̀ nínú igba orí ó lé mẹ́rìnlá," ni Fadérera wí. "Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìyàwó aláfojúdi."

"Ṣé wọ́n wá jẹ̀bi ni? Nígbà tí mo wọlé ọkọ, àbúrò ọkọ mi obìnrin kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó ń ṣe ikun nímú. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Eyínfúnjowó. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì láràárọ̀, 'ọkọ mi, ṣé ẹ jí dáadáa?' Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí o wọlé, ọkọ rẹ ni. Kò sí ìyàwó tó máa dán ti Mopélọ́lá wò lórí òkè yìí. Àfi ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí o ti wọlé, ìyẹn ni o lè pè lórúkọ."

"Àti ọmọ tí o bí fúnra rẹ," ni Fadérera wí.

Ó sọ ọ́ láìrònú, bí ẹni tó ń parí òwe fún àgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ wo Mopélọ́lá tó dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìdábùú ilẹ̀kùn.

"Yé!" ni Màmá Ìbídùn wí jẹ́ẹ́. "Ọmọ rẹ̀ ni."

Òfin sọ pé atúnkọ kò gbọdọ̀ yí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ padà. Àfikún orí kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á láyè láti kọ. Ohun tí Fadérera ti ń wá láti oṣù méjì nìyí, ọ̀nà tí kò ní yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ á sì yí padà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí kẹsàn-án: Mopélọ́lá gbá Tinúadé lọ́wọ́ kúrò létí kànga. Ìlú bú u nígbà yẹn pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí lílù. Àmọ́ ìyá wo ni kò ní gbá ọmọ rẹ̀ kúrò létí kànga? Orí kọkànlélọ́gbọ̀n: ó tú aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà, ó ní wọ́n rán an burúkú, ó sì tún un rán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ojú líle. Kò kúnlẹ̀ fún un rí. Kò fà á mọ́ra rí. Ó mọ oúnjẹ tó ń dun ọmọ náà níkùn ju ẹnikẹ́ni nínú ilé lọ, àwọn òǹkọ̀wé sì fi ìyẹn ṣe ohun apanilẹ́rìn-ín, pé ó ń ṣọ́ ẹnu ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ yẹn fi àìmọ̀kan kọ ló dúró déédéé. Ọjọ́ òjò nìkan ló kọ̀ tí kò dúró.

Ọjọ́ kejì ni ìyẹn náà tó ní ìtumọ̀. Màmá Ìbídùn ti padà dé, ó ń bó ọsàn lórí àga, Fadérera sì ń wo òjò náà fún ìgbà ogún. Ìyá wo ló ń ti ọmọ rẹ̀ mọ́ta?

"Kí ni àwọn àgbà yẹn ń jà sí ní yàrá ẹ̀yìn gan-an?" ni màmá bèèrè, pẹ̀lú ọsàn lẹ́nu.

Fadérera yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Àwọn tó kọ ìtàn kàn fi ariwo síbẹ̀ kí ilé lè dà bí ilé ni. Ó fò dìde, ó dì mọ́ màmá tòun ti ọsàn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Atọ́nà nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn nígbà tó ka ohun tí Fadérera kọ. "Kò sunkún," ni ó wí. "Kò tọrọ àforíjì. Ó kọ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Mi ò lè rí ibi tó máa já sí. Ó lè gòkè dé àádọ́rùn-ún. Méjìdínlọ́gọ́ta ṣì wà nílẹ̀, ó dá mi lójú."

Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lè ṣe bó ti wù ú, ṣùgbọ́n ojú tó wà nínú èyí kì í ṣe ti Fadérera. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Ìbídùn láìfi ọ̀kan pa mọ́, ó ní bó bá jẹ́ ẹkún ni wọ́n fẹ́, òun á kọ ẹkún.

"Ojú ta ló wà lórí rẹ̀?" ni màmá bi í.

"Ojú yín ni, mà."

"Mo ti fi ojú yìí jẹ ìyà òmùgọ̀ tó. Bí mo bá máa lọ sísàlẹ̀, kí n lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Kọ ọ́."

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Gbọ̀ngàn Òkè Kẹrin kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò ráyè wọlé ń wò ó nílé, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n fi Màmá Ìbídùn sórí àga gíga níwájú Amojú, torí òfin ní kí olójú wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dájọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajílọrẹ, akọ̀wé ilé ẹjọ́, ka nọ́ńbà: mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ẹnì kan pòṣé láti ẹ̀yìn. Màmá gbé àgbọ̀n sókè, kò wo ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìtàn bẹ̀rẹ̀. Mopélọ́lá àti ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Tinúadé ti dàgbà, àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Lọ́la," ni ìyá ọkọ wí, "níwájú àwọn àna, wàá kúnlẹ̀ fún un, wàá pè é ní ọkọ mi bí àwọn ìyàwó ilé yòókù. O ò ní dójú tì wá."

"Ìyá, mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀," ni Mopélọ́lá wí, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Fadérera fẹ́ẹ̀ẹ́ sá jáde. Ó rí i tí Ọ̀gbẹ́ni Ajílọrẹ ti ń nawọ́ sí èdìdì ìparẹ́.

"Gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe, Ìyá," ni Mopélọ́lá wí. "Ẹ ní kí n lọ bí i sílé àbúrò yín lóko, mo bí i síbẹ̀. Ẹ ní kí n gbé e fún yín kí n padà sílé-ìwé, mo gbé e fún yín. Nígbà tí ọmọ yín wá fẹ́ mi sílé, ẹ ní kí n má fà á mọ́ra kí aráyé má bàa fura. Mi ò fà á mọ́ra. Lọ́jọ́ òjò yẹn, tí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ń pariwo ní yàrá pé báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti dẹ́kun ọmọ bíbí ṣe bí Tinú, èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú. Mo ní òjò á gbẹ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní gbẹ. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí mo bí, Ìyá, mi ò lè pè é ní ọkọ mi."

Ọwọ́ ìyá ọkọ dúró nínú ẹ̀wà. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìwọ àti ọmọ mi nígbà náà," ni ó wí níkẹyìn. "Bí n kò bá gbé e pọ̀n, ta ni ì bá gbé e?"

"Mo mọ̀, Ìyá. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn." Ó sì fa àwo ẹ̀wà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ibẹ̀ ni Fadérera dá a dúró sí. Kò sí orin, kò sí ẹkún.

Nọ́ńbà dúró sí mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò gòkè, kò sọ̀. Fadérera ka èémí rẹ̀ dé mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dìde láàárín èrò pẹ̀lú ọwọ́ lórí.

"Kànga!" ni obìnrin náà ké. "Ẹ rántí kànga! Ìyá rẹ̀ ló gbá a kúrò níbẹ̀!"

"Aṣọ ilé-ìwé ńkọ́?" ni ọkùnrin kan dá a lóhùn láti òdìkejì. "Ó tún un rán! Mo bú u nígbà yẹn. Ẹnu mi yìí ni mo fi bú u!"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ìgbà tí àgbàdo bá ń ta nínú ìkòkò. Ẹni yìí rántí èyí, ẹni yẹn rántí tọ̀hún, oníkálukú ń padà sínú igba orí ó lé mẹ́rìnlá tó ti fi ìbínú wò, ó ń tún un wò. Kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń tún Mopélọ́lá kọ. Nọ́ńbà ń já wálẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Ajílọrẹ kò lè kà á bá: mọ́kàndínláàádọ́ta, ọgbọ̀n, mọ́kàndínlógún. Fadérera fi ojú wá nọ́ńbà ìyá ọkọ, torí ẹ̀rù ìyẹn náà ń bà á, pé kí ìlú má gbé ìkórìíra kúrò lórí ẹnì kan lọ gbé e ka ẹlòmíràn lórí. Kò gòkè. Ó tilẹ̀ sọ̀ díẹ̀. Nígbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, ayọ̀ sì gbà á lọ́kàn débi tí kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Mọ́kànlá!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ajílọrẹ kígbe, ó sì gbàgbé pé akọ̀wé ilé ẹjọ́ kì í kígbe. "Nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlá! Ilé ẹjọ́ yìí dá ojú náà padà fún olójú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tún fi ọwọ́ kàn án!"

Àwọn èrò ya síwájú. Màmá Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Èkejì kúnlẹ̀, ẹ̀kẹta kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tàn kálẹ̀ títí àwọn obìnrin gbọ̀ngàn náà fi wà lórí eékún tán.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni màmá ń wí. "Ilẹ̀ yìí tutù."

Láti ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn kan ti wá, ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin, ó ké e bí wọ́n ti ń ké pe ìyá ọlọ́mọ láti òpin àdúgbò: "Ìyá Tinú!"

Màmá Ìbídùn bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń pè. Kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ ju ògiri lọ. Ó yíjú padà sí gbogbo àwọn ojú tó ń wò ó, ó sì jẹ́ wọn sókè rara.

"Oòò! Èmi rèé!"